Ìdí tí ìlú fi dó síbi tó dó, àti ìdí tó fi gbilẹ̀: bí ẹ ṣe lè wádìí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ohun tó gbé ìlú náà síbi tó wà, ìtàn ọdẹ ni yóò sọ fún yín: Ògúnlọlá ọdẹ, igi àjàgbọn tó pàgọ́ sábẹ́ rẹ̀, àti orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí wọ́n ní ó gé lórí. Ìtàn náà níyì, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọdẹ fi pàgọ́ sábẹ́ igi kò tíì sọ ìdí tí ibẹ̀ fi di ìlú tí wọ́n ka ènìyàn tó lé ní 139,000 nínú rẹ̀ ní ọdún 1952. Àìmọye ọdẹ ló pàgọ́ sábẹ́ igi nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ àgọ́ wọn ló sì ti padà di igbó.

Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀. Kí ló dá àwọn àkọ́dé dúró? Kí ló sì fa àwọn tó wá lẹ́yìn wọn? Ìdáhùn kan ṣoṣo kì í sábà tó fún méjèèjì. Ẹni tó bá da wọ́n pọ̀ ni yóò máa fi ìtàn ìdásílẹ̀ dáhùn ohun tí ogun, ọjà tàbí ọ̀nà ọkọ̀ ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ àṣetiléwá jọ́gíráfì, fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó fẹ́ kọ ìtàn abúlé rẹ̀, àti fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ìlú ń lọ kó tó fowó ra ilẹ̀.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Ìwé àti bírò, fóònù tó ní àwòrán ilẹ̀ láti òkè, okùn tó gùn tó mítà 25, tí ẹ ti ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, òkúta tó tóbi tó àtẹ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì lítà 20, ọsàn méjì, ìgò oníke tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí máàpù ìjọba tí a ya ní ìwọ̀n 1:50,000, ẹ mú un, nítorí sẹ̀ǹtímítà méjì lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan nílẹ̀, ẹ ó sì lè fi rúlà wọn gbogbo nǹkan. Ìgbà tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kejì sí ìkẹta ọdún. Ẹni tó bá lọ wo omi ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀, gbogbo ibi ni yóò dà bí ibi tí ènìyàn lè gbé.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Omi kì í gbé inú àpáta tó dì. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta lórí àti inú ibi tí àpáta ti sán ló ń gbé. Ìdí nìyí tí kàǹga ilé kan fi lè ní omi ní oṣù kẹta, kí ti ilé kejì sì gbẹ pátápátá. Àwọn àgbà kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá omi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìsàlẹ̀ tí koríko kò ti tètè gbẹ, wọ́n sì mọ ibi tí ìsun ti ń jáde lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ wá àwọn ibi wọ̀nyí ká àdúgbò tó pẹ́ jù nínú ìlú, kí ẹ sì fi àmì sí wọn.

Láti wọn kàǹga, ẹ lọ ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fà á jáde. Ibi tó tutù lára okùn ni ìjìnlẹ̀ omi. Ibi tó gbẹ, láti orí omi dé ẹnu kàǹga, ni ìwọ̀n tí ènìyàn yóò fà. Lẹ́yìn náà, ẹ fa kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ìyẹn lítà 200, ẹ tún wọn ọ́n. Ẹ dúró wákàtí kan, ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí omi kò bá tíì gun ìdajì ibi tó lọ sílẹ̀, kàǹga náà kò lè bọ́ ju agbo ilé kékeré lọ. Ẹ ṣe é fún kàǹga mẹ́wàá, ó kéré tán, kí ẹ sì pín wọn láàárín àdúgbò àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé kàǹga ti àtijọ́ sàn jù, nítorí àwọn àkọ́dé ló ṣa ibi tó dára jù, àwọn tó dé lẹ́yìn sì gba ohun tó kù.

Odò kékeré náà ṣeé wọ̀n. Ẹ wá ibi tó lọ tààrà fún mítà mẹ́wàá. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ wọn jíjìn rẹ̀ níbi mẹ́ta, kí ẹ sì pín àròpọ̀ wọn sí mẹ́ta. Ẹ ju ọsàn sínú omi, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi rin mítà mẹ́wàá náà. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 1, tó jìn ní mítà 0.1, tí ọsàn sì lo ìṣẹ́jú-àáyá 50, ìyára orí omi jẹ́ mítà 0.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.8, nítorí omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó tòkè, kí ẹ wá fi fífẹ̀ àti jíjìn odò sọ ọ́ di púpọ̀; kúbíìkì mítà kan jẹ́ lítà 1,000. Ohun tí yóò jáde ni lítà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tó lé ní lítà 1,380,000 lójúmọ́. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá lo lítà 20, omi yìí tó ènìyàn bí 69,000.

Iye yìí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, òun gan-an ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Omi lè tó nínú odò, kó má tó nílé. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo lítà 120 yóò ru kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílò 20 lórí. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí mẹ́ta ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó dáná. Ẹ fi fóònù wọn ìrìn láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé dé odò. Ibi tí ìrìn àlọ nìkan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni agbo ilé àtijọ́ máa ń dáwọ́ dúró, àyàfi bí kàǹga bá gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ má sì gbà pé odò ńlá ló ń pe ìlú. Odò ńlá ń kún, ó ń gbé ilé lọ. Létí omi tó ń sáré ni eṣinṣin dúdú kékeré tó ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú ti ń bímọ. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló fi odò ńlá sílẹ̀ lókèèrè, tó sì dó sórí ilẹ̀ gíga tí ìsun kéékèèké wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ kò dó sétí odò ńlá kankan. Odò Ọbà tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún ìlú wà lẹ́yìn ìlú.

Ilẹ̀ oko: ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe

Ẹ ya òbìrí sí àárín ìlú lórí máàpù, kí ó nasẹ̀ dé kìlómítà márùn-ún ní gbogbo ìhà. Ìrìn wákàtí kan nìyẹn, òun sì ni ibi tí àgbẹ̀ lè lọ ní òwúrọ̀ kó sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tó wà nínú òbìrí náà jẹ́ hẹ́kítà 7,850. Kí a gbà pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni a ń dá lọ́dún, nítorí ìyókù ń sinmi. Ìyẹn jẹ́ hẹ́kítà bí 1,960. Bí ènìyàn kan bá nílò ìdajì hẹ́kítà, ènìyàn tó tó 3,900 ni ilẹ̀ yìí lè bọ́.

Ìlú ẹlẹ́ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kì í ṣe Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo ni ìlú ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di pé ọkọ̀ dé? Ìdáhùn náà wà nínú oko ẹgàn. Àwọn ará ìlú ní oko etílé tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì ní aba lókèèrè tí wọ́n ń sùn sí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kí wọ́n tó wálé fún ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka àwọn ènìyàn ìlú, ẹ béèrè aba tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní, orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe jìnnà tó. Ẹni tó ka aba sí abúlé ọ̀tọ̀ ti gé ẹsẹ̀ ìlú kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá wá sílùú ní àárín ọ̀sẹ̀ ìgbà iṣẹ́ oko, tó wá kọ ọ́ pé ìlú ti tú.

Láti mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọlẹ̀, amọ̀ ni yóò sì gbẹ̀yìn. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí yanrìn pọ̀ jù kì í di omi mú, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣá. Ilẹ̀ tó jẹ́ amọ̀ nìkan ń dúró lómi, ó sì ń le bí òkúta ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wa ilẹ̀ títí dé orókún bákan náà. Ibi tí ọkọ́ bá ti kan yangí kó tó dé ibẹ̀, iṣu kò lè ta dáadáa. Kajú àti máńgòrò lè bá a yí, ìyẹn sì wà lára ìdí tí igi wọ̀nyí fi gbòde ká Ògbómọ̀ṣọ́.

Ogun: ohun tó kó àwọn ènìyàn jọ

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù, nítorí ibí ni ìdáhùn ìbéèrè kejì wà fún ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè wa.

Ọ̀yọ́-Ilé wà ní àríwá, nínú ọ̀dàn, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Odò Ọya. Ibẹ̀ dára fún ẹṣin, nítorí eṣinṣin tó ń pa ẹṣin kò pọ̀ nínú ọ̀dàn bíi ti inú igbó. Ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ ṣòwò pẹ̀lú àwọn tó wà lókè odò. Ohun kan náà ló wá di ìṣòro rẹ̀ nígbà tí Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Aláàfin: ilẹ̀ gbalasa tí ẹṣin Ọ̀yọ́ ń sáré lórí rẹ̀ ni ẹṣin ọ̀tá náà gbà wọlé. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ibi tó lé ní 100 kìlómítà sí gúúsù, ó sì sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kàn ń wá fúnra wọn o. Àtìbà kó àwọn ará ìlú tó wà nítòsí wọlé kí olú ìlú tuntun lè kún. Orúkọ àwọn ìlú yẹn ṣì wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò ní Ọ̀yọ́ òní, bíi Àjàgbà àti Akéètàn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ wà níbi tí ọ̀dàn àti igbó ti pàdé. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń tú àwọn ìlú ọ̀dàn ká, tí Ìkòyí pàápàá tú, Ògbómọ̀ṣọ́ kò tú. Odi wà, yàrà wà, ìgbẹ́ dídí tí wọ́n dá sí lẹ́yìn odi kì í jẹ́ kí ẹṣin sáré, Tòyèjẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ti sọ ìlú náà di ibi tí àwọn jagunjagun ń kóra jọ sí. Àwọn tó ń sá bọ̀ láti àríwá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí odi tó lè gbà wọ́n. Àkókò kan náà ni Ìbàdàn di ibùdó ogun ní 1829, tí àwọn Ẹ̀gbá sì kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Nígbà tí ogun Òṣogbo dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní bí ọdún 1840, máàpù ilẹ̀ Yorùbá ti yí padà.

Láti rí àmì ogun nílẹ̀, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ láti òkè lórí fóònù, kí ẹ wá ìlà gígùn tó tẹ̀ yí ìlú ká, tí igi inú rẹ̀ dí ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń yí láìnídìí. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Odi àtijọ́ ti wó di ebè gígùn, yàrà tí wọ́n ti wa amọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà níta, ní ìhà tí ọ̀tá ti lè wá. Ẹ wọn fífẹ̀ yàrà àti gíga odi níbi mẹ́ta, ẹ má ṣe gbẹ́ ohunkóhun. Ẹ wá béèrè orúkọ bodè kọ̀ọ̀kan. Orúkọ bodè sábà máa ń jẹ́ orúkọ ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ lọ, nítorí náà ìwé ọ̀nà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Bí odi bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì, ìlú náà gbòòrò nígbà ogun. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín wọn kí ẹ mọ bó ṣe gbòòrò tó.

Bí ẹ ṣe máa bi àwọn àgbà léèrè

Ẹ má ṣe parí ìwádìí sí ààfin. Ààfin ń sọ ìtàn ìlú. Agbo ilé ló ń sọ bí ìlú ṣe kún. Ẹ yan agbo ilé mẹ́ta, ó kéré tán, ní àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan nínú àwọn àkọ́dé, ọ̀kan nínú àwọn tó wá nígbà ogun, ọ̀kan lára ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ rí mọ́gàjí ilé kọ́kọ́, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ jókòó kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ìbéèrè tó ń ṣí ọ̀rọ̀ ni “Bàbá, níbo làwọn baba yín ti wá?” Ìbéèrè tó ń tì í ni “Ta ló kọ́kọ́ dé?”, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ àti oyè wà nínú rẹ̀, ìdáhùn ẹjọ́ ni wọn yóò sì fún yín.

Ẹ ní kí àwọn ìyá ilé ki oríkì orílẹ̀ yín létí. Orúkọ ìlú tí kò sí lórí máàpù mọ́ máa ń wà nínú oríkì. Ẹ béèrè òrìṣà tí ilé náà ń bọ, eégún wọn, èèwọ̀ wọn, àti ibi tí wọ́n ń lọ fún ọdún bí wọn kò bá ṣe é nílùú. Agbo ilé tó bá ń dárúkọ Ìkòyí nínú oríkì rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ ọ̀nà tó gbà dé fún yín.

Ọdún ni àwọn àgbà kì í sábà mọ̀. Ẹ so ọ̀rọ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣé kí ogun Kírìjí tó parí ni, ìyẹn kí ó tó di 1893? Ṣé kí rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907? Ṣé ìgbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò padà ní 1969? Bí ẹni mẹ́ta láti agbo ilé mẹ́ta bá so ohun kan náà mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ wọ́n.

Ẹ wo ahoro pẹ̀lú. Igi oṣè tó dá dúró nínú oko, akòko àti pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ, àpáàdì, ọlọ tó ti fọ́, òkìtì àkìtàn tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú tó sì lọ́ràá: ibi tí mẹ́ta nínú wọn bá ti pàdé, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ìlú tó kú lágbègbè kan ń jẹ́ kí a mọ ohun tí èyí tó yè ní. Ẹ lo ìwọ̀n omi, òbìrí oko àti odi fún ahoro náà bí ẹ ṣe lò ó fún ìlú.

Ọ̀nà: ta ló wá bá ta?

Ọ̀nà ọkọ̀ tó la ìlú kọjá kọ́ ni ó dá a sílẹ̀ dandan. Láti mọ èyí tó ṣáájú, ẹ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó pẹ́ jù. Bí wọ́n bá kọjú sí ọ̀nà, tí ìlú sì gùn tẹ̀ lé títì bí okùn, títì ló pe ilé. Bí wọ́n bá kọjú sí ààfin tàbí sí àgbàlá ara wọn, tí títì sì gé agbo ilé sí méjì, ìlú ló wà kí títì tó dé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin ní irú méjèèjì.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́ lórí máàpù: ó fi nǹkan bíi kìlómítà 53 jìnnà sí Ọ̀yọ́, 57 sí Ìlọrin, 58 sí Òṣogbo. Ìlú tó wà láàárín ìlú ńlá mẹ́ta, tí kò sún mọ́ ọ̀kankan jù, ni gbogbo abúlé tó wà láàárín náà yóò máa ná ọjà rẹ̀. Ìgbà tí àlàáfíà dé, tí odi kò wúlò mọ́, ipò yìí ló di agbára ìlú náà ju igi àjàgbọn lọ. Walter Christaller ní Jámánì ṣàlàyé irú ètò yìí ní 1933: ìlú tó ń ta ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún máa ń jìnnà síra wọn, èyí tó ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì sì máa ń súnmọ́ra. Nílẹ̀ wa, ogun ti kó àwọn ènìyàn jọ sínú ìlú ńlá kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má retí pé kí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá ilẹ̀ wa mu délẹ̀délẹ̀.

Rélùwéè yàtọ̀. Láti Ìbàdàn ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà; ó yà fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣogbo di ibi tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń ra irè oko, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbé òwò wọn lọ sí òkè ọya àti Gánà. Ilé tí wọ́n kọ́ nílé jẹ́ owó tí wọ́n pa lẹ́yìn odi. Nítorí náà ilé ńlá ládùúgbò kì í ṣe ẹ̀rí pé òwò wà ládùúgbò náà. Ẹ béèrè ibi tí owó ilé ti wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbára ìkòríta lónìí, ẹ dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan lálẹ́, ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ ka ọkọ̀ tó kọjá lọ́tọ̀, ẹ ka èyí tó dúró tó gbé ènìyàn tàbí ẹrù lọ́tọ̀. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún kan tó kọjá láìdúró kò kọ́ ìlú kankan. Ní Ọ̀wọ́dé ní Ọ̀yọ́, àwọn tó ń dúró, tó ń paarọ̀ ọkọ̀, tó ń ra oúnjẹ ló ṣe pàtàkì.

Ọjà

Ẹ gba ọjọ́ ọjà gbogbo abúlé tó wà láàárín kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìlú. Ọjà ọrún ń pé ní ọjọ́ karùn-ún bí a bá ka ọjọ́ méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ to ọjọ́ mẹ́rin sórí ìwé, kí ẹ kọ ọjà sábẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ọjà tó múlé tira kì í sábà pàdé lọ́jọ́ kan. Alájàpá ló ń jàǹfààní rẹ̀, òun tó ń ra gbágùúdá níbí lónìí tó sì ń tà á lọ́hùn-ún lọ́la. Bí ọjà méjì tó súnmọ́ra bá ń ná lọ́jọ́ kan náà, ìjà tàbí ìdíje wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wádìí rẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn yóò kú. Ọjà tó bá ti ń ná lójoojúmọ́ ti kúrò ní ti abúlé.

Nínú ọjà fúnra rẹ̀, ẹ bi ogún oníbàárà léèrè ibi tí wọ́n ti wá, kí ẹ fi ìlà so ibẹ̀ mọ́ ọjà lórí máàpù. Ibi tí ìlà tó jìnnà jù dé ni ìlú náà ń jọba dé nínú òwò. Ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ wà nítòsí ààfin, bí ọjà ọba ṣe ń wà: ọba ń ṣọ́ ọ, ẹjọ́ rẹ̀ kì í jìnnà. Iná jó o ní oṣù kìíní 2020, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n tún un kọ́ sí. Kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé ọjà lè jóná, ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá padà sójú kan náà, ipò ibẹ̀ ló ń fà wọ́n.

Ohun tí ìjọba àti ìjọ Ọlọ́run gbé kalẹ̀

Èyí kò le. Ẹ kọ ọdún tí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí bárékè dé, kí ẹ fi àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wé ti ìsinsìnyí. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907. Yunifásítì LAUTECH dé ní 1990, àdúgbò Under G àti Adénìkẹ́ sì kún fún ilé akẹ́kọ̀ọ́. Àléébù irú ìdàgbàsókè yìí ni pé ẹsẹ̀ kan ló dúró lé. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún oṣù mélòó kan, ilé yóò ṣófo, ọjà yóò sì dákẹ́. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Bí ẹ ṣe máa fi gbogbo rẹ̀ síbì kan

Ẹ ya ìlà sí àárín ìwé. Ní ọwọ́ òsì, ẹ kọ ohun tó dá àkọ́dé dúró. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ohun tó fa ìyókù. Ẹ fi ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò ní ìsun omi, igi ìbòòji àti ọdẹ lápá òsì. Apá ọ̀tún yóò ní ogun, odi, ipò láàárín ìlú mẹ́ta, owó òkè ọya àti Gánà, àti ilé ẹ̀kọ́. Ti Ọ̀yọ́ yàtọ̀: àgọ́ Ọ̀jà lápá òsì, àṣẹ ọba lápá ọ̀tún ṣáájú ohun gbogbo.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ yan abúlé mẹ́ta tí ẹ kò dé rí láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wò wọ́n lórí máàpù nìkan. Ẹ kọ ibi tí ẹ rò pé àdúgbò àkọ́dé wà, ibi tí ìsun omi wà, ọjà tí wọ́n ń ná àti ìhà tí ilé tuntun ń lọ. Ẹ fi ọjọ́ sí i kí ẹ tó gbéra. Níbẹ̀, ẹ wọn kàǹga, ẹ rí baálẹ̀, ẹ rìn yí abúlé ká. Ibi tí ìwé yín bá ti yàtọ̀ sí ohun tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo omi, nítorí bọ́hóòlù kan tí wọ́n gbẹ́ láìpẹ́ lè ti yí ojú abúlé padà sí ìhà mìíràn. Bí kì í bá ṣe omi, ẹ béèrè ẹjọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó dára tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí létí títì, ẹjọ́ ló sábà ń wà lórí rẹ̀, máàpù kò sì lè fi ìyẹn hàn yín.